Lọ́rì Tó Ń Gbọ̀n Níwájú Alága

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ẹ ti rí ẹni tó fẹ́ràn ara rẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ẹ ò tíì dé Ìdí-Òrí. Ìlú náà ò tóbi. Bí èèyàn bá ti Tẹ̀dé ń lọ sí Ṣakí, tó bá sín nígbà tó ń wọ ìlú náà, ó lè ti kọjá rẹ̀ kó tó nu imú tán. Ṣùgbọ́n ó ní ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀, ìjọba náà ní alága, alága ọ̀hún sì tóbi ju ìlú lọ.

Alhaji Ṣùkúrù Ọ̀jẹ̀túndé ni orúkọ rẹ̀. Kó tó dórí oyè, Bàbá Mujeebat ni gbogbo wa ń pè é, nítorí Mujeebat ni àkọ́bí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ la sì ṣe ń pe àgbàlagbà níbí. Ọjọ́ tí wọ́n búra fún un ló fòfin de orúkọ yẹn. Ó ní ẹni tó bá tún pe òun bẹ́ẹ̀, ó tàbùkù ìjọba. Láti ọjọ́ náà, orúkọ rẹ̀ di "Ọlọ́lá Jùlọ, Alága Àwọn Alága, Òkè Ńlá Tó Ga Ju Òkè Lọ." Ìyẹn ni wàá kọ́kọ́ pè tán kó o tó sọ ohun tó gbé ọ wá. Ọkùnrin kan sáré wá sọ pé àká àgbàdo òun ń jóná. Ibi "Òkè Ńlá" ló dé nígbà tí àká jó tán.

Alága ní olùdámọ̀ràn kan tó ń jẹ́ Samsudeen. Iṣẹ́ Samsudeen kò ju kó máa gbà fún alága lọ, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí alága bá wúkọ́, á ní, "Ọ̀rọ̀ ńlá!" Bí alága bá sùn lọ níbi ìpàdé, á gbọ́wọ́ sókè pé kí gbogbo wa dákẹ́, alága ń ronú. A ó sì dákẹ́, a ó máa gbọ́ bó ṣe ń ronú láti imú.

Ọ̀rọ̀ lọ́rì ló bà á jẹ́.

Ìjọba ra lọ́rì kan fún ìlú, kó máa kó iṣu àti àgbàdo àwọn àgbẹ̀ lọ sí ọjà Ṣakí. Inú wa dùn, kí n má parọ́. Wọ́n fi Ládòkun ṣe dírẹ́bà rẹ̀. Ọ̀kadà ló ti ń gùn tẹ́lẹ̀, tó ń gbé èèyàn lọ sóko lójú ọ̀nà Ilero, òjò ń pa á, oòrùn ń pa á. Àwáwù ìyàwó rẹ̀ ń gbin ẹ̀pà, ó sì ní ẹnu tí kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò. Ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́rì, ó wólẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lójú gbogbo èèyàn.

Lọ́jọ́ tí lọ́rì dé, alága dìde, ó tún agbádá rẹ̀ ká sí èjìká, ó sì sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn mi! Èmi Ṣùkúrù, tí ìyá tó bí mi fúnra rẹ̀ bí mi, tí mo fẹsẹ̀ ara mi rìn dé ibi tí mo rìn dé, mo mú ìyàwó wálé fún yín! Ẹ má wò ó pé lọ́rì ni. Lọ́rì kọ́. Ìyàwó ìlú ni! Bí ìyàwó bá dé ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ, kí la máa ń ṣe fún un?"

"A máa ń da omi sí i lẹ́sẹ̀!" la fi dá a lóhùn. Ta ni ò mọ̀ bẹ́ẹ̀? Omi tútù ni, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tutù nínú ilé.

"Ó dáa. Mo pàṣẹ pé ìgbàkígbà tí ìyàwó ìlú bá ti ìrìnàjò dé, ẹnu ọ̀nà ilé mi ni kó ti kọ́kọ́ dúró. Kí a da omi tútù sí gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó kọjá síbòmíràn!"

"Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù!" Samsudeen ló kígbe bẹ́ẹ̀. A pàtẹ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n gbé tánkì rọ́bà ńlá kan ka orí búlọ́ọ̀kù lẹ́nu ọ̀nà alága. Ilé ìwòsàn wa ò lómi, ṣùgbọ́n ìyàwó ìlú lómi. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó yẹ kí wọ́n wà ní ọ́fíìsì, ẹnu ọ̀nà yẹn ni wọ́n ń tò sí, tí kálukú wọn di búútà omi mú bí ẹni tó fẹ́ ṣe àlùwàlá fún irin.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀nà wa ṣe rí, kó lè yé yín. Láti Ṣakí wá, èèyàn gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí Òkè Aláǹgbá. Òkè náà gùn, ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an sì ni ilé alága wà. Dírẹ́bà tó bá kẹ́rù kò lè gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì títí yóò fi sọ̀ tán. Nígbà tí lọ́rì bá fi dé ẹnu ọ̀nà alága, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbóná débi pé èèyàn lè fi sun iṣu. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti da omi tútù lé e. Á dún ṣàààà, èéfín funfun á sì bo gbogbo wa.

"Ẹ wo bí ìyàwó ṣe ń mí!" Samsudeen á wí. "Ara tù ú!"

Kò pẹ́ rárá tí lọ́rì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Bó bá ń sáré lọ, kò sí ohun tó ń ṣe é. Àfi tí Ládòkun bá tẹ bíréèkì pé kó rọra. Gbígbọ̀n náà á ti ẹsẹ̀ iwájú bẹ̀rẹ̀, á gba ara ìdarí ọkọ̀ gòkè, á wọ èjìká Ládòkun, á sì dé eyín rẹ̀. Àwọn obìnrin tó bá jókòó sórí ẹrù lẹ́yìn á máa pe orúkọ Ọlọ́run, iṣu á máa yí lù wọ́n.

Ẹnu ọ̀nà alága ni lọ́rì sì ti máa ń rọra. Alága jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó rí i tí lọ́rì ń bọ̀, tó dé iwájú òun, tó wárìrì láti orí dé ẹsẹ̀, kó tó dúró.

"Samsudeen, kí ló ń ṣe é?"

Samsudeen ò mọ̀. Ṣùgbọ́n wọn kì í sanwó fún un pé kó má mọ̀. "Ọlọ́lá Jùlọ, ó rí yín ni."

"Ó rí mi?"

"Ó rí yín ló ń gbọ̀n. Irin ni lóòótọ́, àmọ́ irin náà mọ ọlọ́lá."

Omi lé ròrò sójú alága. "Mo ti ń fura," ló wí.

Lọ́jọ́ kejì, Ládòkun rọra wa lọ́rì lọ sábẹ́ igi òrí tí Peter mẹkáníìkì ti ń ṣiṣẹ́. Àwáwù tẹ̀ lé e. Peter kì í ṣe onírẹ̀lẹ̀ èèyàn o. Bó bá tún kẹ̀kẹ́ ọmọdé ṣe, gbogbo ìlú ló máa gbọ́ pé òun ló ṣe é. Ó tú ẹsẹ̀ iwájú, ó wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n fi ẹran ńlá sínú ọbẹ̀ rẹ̀.

"Dírọ́ọ̀mù bíréèkì ti wọ́," ló wí. "Irin roboto yìí tó yẹ kí bíréèkì máa dì mú, kò rí roboto mọ́. Bí bíréèkì bá ti ń kan ibi tó wú, á tì í. Bó bá dé ibi tó jìn, á jù ú sílẹ̀. Òun ló ń di gìrìgìrì yẹn. Bí ẹ bá ṣì ń da omi tútù sí i nígbà tó gbóná, á sán. Ọjọ́ tó bá sì sán, èmi ò sí níbẹ̀, ẹ má pe orúkọ mi."

"Ṣé ìyẹn náà gba mẹkáníìkì?" Àwáwù wí. "Ìkòkò tó wà lórí iná, ta ló ń da omi tútù lù ú nídìí? Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já ọmú pàápàá mọ̀ ọ́n."

Òótọ́ ló sọ. Kò sí ilé tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n ní Ìdí-Òrí. Ẹni tó máa lọ sọ ọ́ fún Òkè Ńlá ni kò sí.

"Bàbá Ọlámipọ̀sí, ẹ lọ sọ fún un," Àwáwù bẹ ọkọ rẹ̀.

"Kí n sọ kí ni? Pé omi rẹ̀ ló ba ọkọ̀ ìlú jẹ́? Kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, kí n padà sídìí ọ̀kadà?"

"Ọ̀kadà ń gbé yín wálé! Ẹ̀rù ń bà mí. Ní gbogbo ọjọ́ tí ẹ bá lọ sí Ṣakí, etí mi kì í kúrò lórí òkè yẹn títí ẹ ó fi sọ̀ kalẹ̀. Ọjọ́ kan ni lọ́rì yẹn á kọ̀ tí kò ní dúró. N ò fẹ́ kí alága kankan wá bá mi kẹ́dùn. Ẹ̀yin ni mo fẹ́."

Ládòkun wolẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ bá da ìborùn bo èjìká, ó lọ fúnra rẹ̀.

Ó kúnlẹ̀, ó pe gbogbo orúkọ oyè náà láìfò kankan, ó ṣàlàyé dírọ́ọ̀mù, ó ṣàlàyé ìkòkò. Ó wá ní, "Ẹ dákun sà, ọjọ́ kan ṣoṣo tí ìyàwó wọlé ni wọ́n ń da omi sí i lẹ́sẹ̀. Èyí tí ẹ ń dà sí i lójoojúmọ́ yìí, ṣé ojoojúmọ́ lẹ ń kọ̀ ọ́ sílẹ̀, tí ẹ tún ń fẹ́ ẹ ni?"

Samsudeen fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì yí i padà sí ikọ́.

Alága dìde. Ó ní obìnrin yìí fẹ́ wo irin sàn kúrò nínú ìbẹ̀rù òun. Ọjọ́ yẹn ló gbé òfin tuntun jáde. Kò gbọdọ̀ sí mẹkáníìkì tó máa fọwọ́ kan lọ́rì. Gbígbọ̀n náà gba orúkọ, wọ́n sọ ọ́ ní Ìwárìrì Ọ̀wọ̀. Àti pé nígbà tí irin lè gbọ̀n, kò sí àwíjàre fún ẹran ara: gbogbo ọlọ́kadà tó bá ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà òun gbọ́dọ̀ máa gbọ̀n. Ẹ wá wo ìran! Ọlọ́kadà á gbé ìyá arúgbó sẹ́yìn, á gbé ẹrù igi sáàárín, á dé ibẹ̀, á máa mi ara rẹ̀ jìgìjìgì. Ìyá arúgbó á rò pé wárápá ló mú un, á bẹ́ sílẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn títí Olóyè Adétúnjí fi ń bọ̀.

Olóyè Adétúnjí ni àgbà ẹgbẹ́ òṣèlú wọn. Ẹni tó bá fọwọ́ lé lórí ló ń dupò. Alága sì fẹ́ dupò lẹ́ẹ̀kejì. Ó ránṣẹ́ sí Olóyè pé kó wá fojú ara rẹ̀ rí ohun tí kò sí nílùú mìíràn, irin tó mọ aṣáájú. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n di iṣu kún lọ́rì dẹ́nu, nítorí gbígbọ̀n ọkọ̀ òfìfo kò níyì.

Àárọ̀ ọjọ́ náà, lọ́rì dúró lórí Òkè Aláǹgbá pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Àwáwù dé pẹ̀lú àwọn obìnrin kan.

"Kí lẹ wá ṣe?" Samsudeen bi wọ́n.

"Àpò ẹ̀pà mi wà nísàlẹ̀ iṣu," Àwáwù fèsì. "Mo fẹ́ mú un."

"Lónìí?"

"Ẹ̀pà ò mọ̀ pé Olóyè ń bọ̀, ọmọ wa."

Ni wọ́n bá ń sọ iṣu kalẹ̀. Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí ó fi ku àpò ẹ̀pà nìkan. Àwáwù gbé àpò rẹ̀, ó kí Samsudeen pé ó ṣeun. Kò sí obìnrin kankan tó dá iṣu kan ṣoṣo padà. Kó tó di pé Samsudeen lanu, jíìpù Olóyè ti ń fọn fèrè nísàlẹ̀, ó sì sáré lọ síbi tí wọ́n ti nílò ìyìn.

Lọ́rì sọ̀ kalẹ̀. Ó dé iwájú alága, ó rọra, ó gbọ̀n gìrìgìrì, ó dúró. Wọ́n da omi sí i lẹ́sẹ̀. Ṣàààà.

"Ẹ rí i, Olóyè!" alága wí. "Ẹ̀rù mi ló ń bà á."

Olóyè ń jẹ obì. Ó jẹ ẹ́ títí. "Alága, ṣé èmi ò sí níbí ni? Ta ló sọ pé èmi kọ́ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á?"

Òógùn bo alága. Samsudeen wo ojú àwọn méjèèjì, ó ní irin náà gbọ́n, ó lè bẹ̀rù ẹni méjì pọ̀.

"Rárá," Olóyè wí. "Kí alága wọlé lọ. Èmi nìkan ni kó rí."

Alága wọlé, ó ń yọjú lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ládòkun gun òkè padà, ó tún sọ̀ kalẹ̀. Lọ́rì gbọ̀n. Wọ́n da omi. Inú Olóyè dùn, ó tún fìlà ṣe. Ṣùgbọ́n àgbà òṣèlú ni, kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́, tó fi dórí ara rẹ̀.

"Kí èmi náà wọlé. Kí ẹnikẹ́ni má dúró níbẹ̀."

Gbogbo èèyàn wọlé, a ń yọjú lójú fèrèsé. Lẹ́nu ọ̀nà, ó ku ewúrẹ́ kan tó ń jẹ èèpo iṣu. Lọ́rì tún bọ̀. Ó dé iwájú ewúrẹ́, ó rọra, ó sì gbọ̀n ju ti ìṣáájú lọ. Ewúrẹ́ ò gbórí sókè.

"Irin náà mọ ọlọ́lá!" Samsudeen kígbe láti inú ilé. Ó ti mọ́ ọn lẹ́nu.

Wọ́n jáde, wọ́n da omi, nítorí kò sẹ́ni tó sọ pé kí wọ́n má dà á. Nínú èéfín náà, a gbọ́ ohun kan tó dún kẹ́ú nínú ẹsẹ̀ ọkọ̀. Peter, tó dúró lókèèrè, kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó sì sún sẹ́yìn díẹ̀.

Olóyè ní, "Alága, ipò wo ni ewúrẹ́ yìí wà nínú ẹgbẹ́ wa?"

Ẹ̀rín bú jáde. Alága ò rí ẹ̀rín rí láti ọjọ́ tó ti gorí oyè, àfi èyí tó bá pàṣẹ. Inú bí i, orí rẹ̀ gbóná. "Dírẹ́bà ni!" ló pariwo. "Ládòkun ló ń fẹsẹ̀ gbọ̀n ọ́n láti fi mí ṣẹ̀sín! Èmi fúnra mi á jókòó sínú rẹ̀. Kò tó bẹ́ẹ̀ kó gbọ̀n nígbà tí mo bá wà nínú rẹ̀!"

Ó gun iwájú lọ́rì. Àwáwù sáré dé, ó di ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ mú. "Bàbá Ọlámipọ̀sí, mo bẹ yín, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ò gbọ́ ohun tó dún ni?"

"Mo gbọ́," Ládòkun wí jẹ́ẹ́.

"Wakọ̀!" alága wí.

Ládòkun wo ìyàwó rẹ̀. Ó rọra yọ ọwọ́ obìnrin náà kúrò lára ilẹ̀kùn, ó sì wakọ̀ gòkè. Inú mi bà jẹ́ nítorí ọkùnrin yẹn lọ́jọ́ náà, mo fẹ́ràn rẹ̀, inú sì bí mi sí i. Àwáwù dúró sójú kan náà, ó ká ọwọ́ lérí, ó ń wo òkè.

Lọ́rì bọ̀. Jíà kékeré ni Ládòkun fi í sí. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ìsàlẹ̀, ó tẹ bíréèkì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú lọ́rì, Ládòkun ló sọ ọ́ fún wa. Fìlà alága ló kọ́kọ́ bọ́. Lẹ́yìn náà awò ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

"Lá-dò-kun! Dá a dú-ró!"

"Mo fẹ́ dá a dúró ló ṣe ń ṣe báyìí, sà!"

"Nígbà náà má dá a dúró mọ́!"

"Bí n ò bá dá a dúró, a ó pa wọ́n."

Dírọ́ọ̀mù ti sán. Lọ́rì ń bọ̀, kò fẹ́ dúró. Èèyàn tú ká, òṣìṣẹ́ ju búútà nù, ewúrẹ́ sá. Àwáwù figbe ta. Ládòkun yí ìdarí, ó kọ ẹ̀yìn sí ibi tí àwa wà, ó sì fi imú lọ́rì lu tánkì omi. Tánkì bẹ́. Gbogbo omi ìyàwó ìlú dà lé wa lórí, ó gbá bàtà Olóyè lọ. Lọ́rì dúró. Ká ní iṣu wà lórí rẹ̀ ni, ilé alága ni ì bá wọ̀ tòun tàwa.

Àwáwù ti dé ìdí ilẹ̀kùn. Ó fa ọkọ rẹ̀ jáde, ó gbá a láyà, ó sunkún, ó tún gbá a mọ́ra. "Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni? Ṣé ẹ fẹ́ pa mí?" Ládòkun ju kọ́kọ́rọ́ sínú ẹrẹ̀. "Wọ́n á tún un ṣe kí n tó wà á mọ́," ló wí.

Ìgbà yẹn ni alága sọ̀ kalẹ̀. Orí rẹ̀ ṣófo, omi rin ín. Ó rìn dé iwájú Olóyè, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, kò lè sọ ọ́. Ó ń gbọ̀n. Láti ètè dé orúnkún ló ń gbọ̀n, kò sì lè dá a dúró.

Samsudeen wò ó. Ó wo Olóyè. Ó gbé ẹsẹ̀ nínú omi jẹ́jẹ́, ó lọ dúró sẹ́yìn Olóyè.

"Olóyè," ló wí, "ó rí yín ni."

Ẹlòmíràn ni ẹgbẹ́ fà kalẹ̀. Kí ìbò tó dé pàápàá, àwọn káńsẹ́lọ̀ ti yọ alága lóyè, wọ́n sì gba jíìpù ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Peter pààrọ̀ dírọ́ọ̀mù, títí dòní ló sì ń sọ ọ́.

Lọ́jọ́ ọjà kan, Ládòkun rí ọkùnrin kan tó gbé báàgì dání lẹ́bàá ọ̀nà ní Ṣakí, tó ń wá ọkọ̀. Ó dúró, ó gbé e síwájú, Àwáwù sún fún un. Nígbà tí wọ́n dé orí Òkè Aláǹgbá, ọkùnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì di ilẹ̀kùn mú. Lọ́rì sọ̀ kalẹ̀, ó dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó rọra, ó rọra, ó dúró jẹ́ẹ́.

Ó ṣì di ilẹ̀kùn mú. "Kò gbọ̀n," ló wí.

"Ara rẹ̀ ti yá, sà," Ládòkun dáhùn.

Ó sọ̀ kalẹ̀. Kò sí òṣìṣẹ́ kankan lẹ́nu ọ̀nà. Ọlọ́kadà kan kọjá, ó gbé ìyá arúgbó, ara àwọn méjèèjì balẹ̀. Ọkùnrin náà jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tí tánkì wà tẹ́lẹ̀, báàgì rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀.

Àwáwù bu omi nínú kẹ́ẹ̀gì tó gbé wá láti ọjà. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó na ife sí i.

"Ẹ kú àbọ̀, Bàbá Mujeebat. Omi rè é. Mímu ni o."

Ó gbójú sókè. Àwa tí a wà lórí ẹrù lẹ́yìn rò pé yóò sọ ti òfin orúkọ. Ó gba ife náà, ó mu ún tán.

"Ẹ ṣé, Ìyá Ọlámipọ̀sí," ló wí, ó sì dá ife padà.